Lílọ Wo Ibojì Ọba Humayun ní Delhi: Ìtọ́sọ́nà fún Ọmọ Yorùbá Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Dé Íńdíà

Ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ Yorùbá tó wà ní Delhi ló jẹ́ pé ẹ̀kọ́, òwò tàbí ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn ló gbé wa débẹ̀, kì í ṣe ìgbafẹ́. Bí àyè bá wá yọ, Taj Mahal ní Agra ni gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, bẹ́ẹ̀ Agra jìnnà sí Delhi ju 200 kìlómítà lọ, owó ìwọlé ibẹ̀ ga, wọn kì í sì í ṣí i fún àlejò ní ọjọ́ Ẹtì. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ kọ́kọ́ lọ wo ibojì Ọba Humayun, ọ̀kan nínú àwọn ọba Mughal, ìdílé Mùsùlùmí tó jọba ní Íńdíà láyé àtijọ́. Ibojì náà wà ní àdúgbò Nizamuddin nínú Delhi níbẹ̀. Òun ni ibojì inú ọgbà tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ní gbogbo agbègbè Íńdíà, UNESCO sì ti kọ ọ́ mọ́ àwọn ogún àgbáyé láti ọdún 1993. Ó ti wà ní ìdúró fún nǹkan bí 60 ọdún kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ Taj Mahal ní 1632, ẹni tó bá sì fara balẹ̀ wò ó yóò rí ibi tí àwọn tó kọ́ Taj Mahal ti wo àwòṣe.

Ọ̀rọ̀ owó ìwọlé ló máa ń kọ́kọ́ bí àwọn ènìyàn wa nínú. Archaeological Survey of India, àjọ ìjọba tó ń tọ́jú àwọn ilé àtijọ́, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ASI, ló ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, iye méjì ni wọ́n sì ń tà á. Lábẹ́ ìlànà tí wọ́n fi lélẹ̀ ní 2018, ọmọ Íńdíà ń san 40 rúpì, àjèjì sì ń san 600. Àwọn ará orílẹ̀-èdè kan tó múlé gbe Íńdíà, bíi Nepal, Bangladesh àti Sri Lanka, ń san iye tí onílẹ̀ ń san, ṣùgbọ́n Nàìjíríà, Benin àti Togo kò sí lára wọn. Ẹ má ṣe bá akọ̀wé tó wà lójú fèrèsé jà, nítorí kì í ṣe òun ló fi iye lé e, a kì í sì í ná tíkẹ́ẹ̀tì ìjọba bí ẹni ń ná ata. Ẹni tí kò bá fi owó tútù san máa ń rí ẹ̀dínwó díẹ̀, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 sì ń wọlé lọ́fẹ̀ẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, fọ́ọ̀mù náà yóò béèrè orúkọ yín, orílẹ̀-èdè yín àti nọ́ńbà ìwé ìdánimọ̀ kan. Ẹ fi nọ́ńbà ìwé ìrìnnà yín síbẹ̀, kí ẹ sì ṣọ́ra kí ẹ má ṣe mú ẹ̀ka ọmọ Íńdíà nítorí pé òun ni kò wọ́n, torí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà lè dá yín padà pé kí ẹ lọ ra òmíràn. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé káàdì báńkì ilé wa kì í sábà ṣiṣẹ́ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn áàpù tí àwọn ará Íńdíà fi ń sanwó lórí fóònù sábà ń béèrè àkáǹtì báńkì ti ìlú wọn. Nítorí náà, ẹ mú rúpì dání, kí ẹ sì fi fótókọ́pì ìwé ìrìnnà àti físà yín sínú àpò, kì í ṣe nítorí ibojì nìkan, ṣùgbọ́n nítorí pé ọlọ́pàá lè béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àlejò níbikíbi.

Kẹ̀kẹ́ Màrúwà pọ̀ ní Delhi ju bí ẹ ti lè rò lọ. Ẹ sọ fún awakọ̀ pé “Humayun ka Maqbara”, yóò mọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fẹnu kò lórí iye kí ẹ tó jókòó, tàbí kí ẹ pè é láti orí áàpù níbi tí iye ti hàn. Ọkọ̀ ojú irin inú ìlú náà dára: ẹ lè sọ̀ ní ibùdókọ̀ JLN Stadium, kí ẹ sì wọ kẹ̀kẹ́ dé ẹnu ọ̀nà. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣí ibẹ̀, láti ìgbà tí oòrùn bá yọ títí di ìgbà tó bá wọ̀. Àárọ̀ kùtùkùtù ló dára jù. Ní oṣù Karùn-ún àti Ìkẹfà, ooru máa ń kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, òkúta pupa ibẹ̀ sì máa ń mú ooru náà dání. Oṣù Kejì àti Ìkẹta ló rọrùn fún ẹni tó bá mú àgbàlagbà dání.

Bí ẹ bá ti wọlé, ẹ má ṣe sáré lọ sí ibi òrùlé rìbìtì funfun. Ẹ kọ́kọ́ yà sí ọwọ́ ọ̀tún, níbi tí ibojì Isa Khan wà, ilé onígun mẹ́jọ tí wọ́n kọ́ ní 1547. Ìjòyè ni Isa Khan ní ààfin Sher Shah Suri, ọba tó lé Humayun kúrò lórí ìtẹ́, àmọ́ lónìí, ẹni tó bá ń lọ kí Humayun ní láti gba ẹ̀gbẹ́ ìjòyè ọ̀tá rẹ̀ kọjá. Èmi kò mọ ohun tí ọba náà ìbá sọ sí i.

Lẹ́yìn ẹnubodè ńlá ti ìwọ̀-oòrùn ni ọgbà náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí sílẹ̀. Wọ́n pín in sí mẹ́rin, wọ́n tún pín àwọn wọ̀nyẹn sí kéékèèké pẹ̀lú ọ̀nà ẹsẹ̀ àti ipa omi tóóró tí a gbẹ́ sínú òkúta. Àlùjánnà tí Àlùkùránì ṣàpèjúwe, tó ní odò mẹ́rin, ni wọ́n fi ọgbà náà ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ibojì fi wà ní àárín gbùngbùn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo ipa omi náà dáadáa, ẹ óò rí i pé kò gbòòrò, àti pé ìdàgẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ ló ń gbé omi rẹ̀ lọ láti adágún kékeré kan sí òmíràn. Nígbà tí wọ́n pín Íńdíà sí Íńdíà àti Pakistan ní 1947, àwọn tí ogun ẹ̀sìn lé kúrò nílé pàgọ́ sínú ọgbà yìí, ó sì bàjẹ́ gan-an. Aga Khan Trust for Culture, àjọ kan tó ń tún àwọn ilé àtijọ́ ṣe, àti ASI ló tún un ṣe láàárín 1997 sí 2003.

Àtẹ̀gùn tó gun orí pèpéle tí ibojì náà dúró lé ga, ó sì dàgẹ̀rẹ̀ púpọ̀. Ẹni tí orúnkún ń dùn lè jókòó sínú ọgbà láìpàdánù ohun tó pọ̀. Lókè, ibojì tí ẹ óò rí nínú yàrá ńlá jẹ́ àmì lásán, nítorí ìsàlẹ̀ pèpéle ni òkú wà ní tòótọ́. Opó ọba, Haji Begum, ló ní kí wọ́n kọ́ ilé náà lẹ́yìn tí Humayun ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé ìkàwé rẹ̀ ní 1556, tó sì ti ibẹ̀ kú. Mirak Mirza Ghiyas, ará Páṣíà, ló ya àwòrán rẹ̀.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí yóò ṣàkíyèsí ohun kan níbẹ̀. Ní ilé, apá ìlà-oòrùn ni à ń kọjú sí bí a bá ń kírun, ṣùgbọ́n Mẹ́kà wà ní ìwọ̀-oòrùn Delhi. Nítorí náà, ara ògiri ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n ya àmì míhírábù sí, lórí òkúta mábù tí wọ́n lu ní ihò wẹ́wẹ́ bí àwọ̀n, ìmọ́lẹ̀ sì ń gba ibẹ̀ wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ kírun nínú Delhi kò gbọdọ̀ gbàgbé èyí.

Àwọn yàrá ẹ̀gbẹ́ kún fún ibojì àwọn ọmọ ìdílé ọba. Ní gbogbo àyíká náà, ibojì lé ní 100. Ibẹ̀ náà ni Bahadur Shah Zafar, ọba Mughal tó kẹ́yìn, sá pamọ́ sí ní 1857 kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó mú un, tí wọ́n sì lé e lọ sí Rangoon ní Burma.

Fọ́tò fóònù kò ní ìdíwọ́, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbé dróònù wá. Àwọn ọmọ ilé ìwé lè bẹ̀ yín pé kí ẹ bá àwọn ya fọ́tò. Ẹ lè gbà, ẹ sì lè fi ẹ̀rín músẹ́ kọ̀.

Bí agbára bá kù, ẹ sọdá títì lọ sí ibi ibojì Nizamuddin Auliya, ẹni mímọ́ kan nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù tó kú ní 1325, tó jẹ́ pé nítorí àtisún mọ́ ọn ni wọ́n ṣe sin ọba sí àdúgbò náà. Kò sí owó ìwọlé níbẹ̀. Ẹ bo orí, ẹ bọ́ bàtà, ẹ sì mọ̀ pé àwọn obìnrin kì í wọ inú yàrá ibojì gan-an. Àwọn kan yóò gbé ìwé ńlá síwájú yín pé kí ẹ kọ orúkọ àti iye tí ẹ fẹ́ fi ta ọrẹ. Kì í ṣe dandan. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni àwọn akọrin kàwálì, ìyẹn orin ẹ̀sìn àwọn Mùsùlùmí ibẹ̀, máa ń kọrin níbẹ̀, èrò sì máa ń pọ̀, nítorí náà ẹ fi owó àti fóònù yín sí àpò iwájú.