Bí A Ṣe Ń Fi Òjìji Oòrùn Wá Kíbílà, Gẹ́gẹ́ Bí Àwọn Onímọ̀ Ìràwọ̀ Mùsùlùmí Ti Ń Ṣe É

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ìpìlẹ̀ mọ́ṣáláṣí lélẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá sábà máa ń wo ibi tí oòrùn ti ń yọ, kí ó sì sọ pé gábàsì nìyẹn, ìyẹn Kíbílà, ìhà Mẹ́kà tí Mùsùlùmí ń kọjú sí láti kírun. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í kíyè sí ni pé ibi tí oòrùn ti ń yọ kì í dúró lójú kan. Ní Ìbàdàn, bí a bá ń kà á láti àríwá lọ sí ọwọ́ ìlà-oòrùn, oòrùn ń yọ ní nǹkan bí dìgírì 66 nínú oṣù June, ó sì ń yọ ní nǹkan bí dìgírì 114 nínú oṣù December. Mẹ́kà ní tirẹ̀ kò kúrò ní dìgírì 64. Ẹni tí ó bá tẹ̀ lé oòrùn ní June yóò ṣe kòńgẹ́, ẹni tí ó bá tẹ̀ lé e ní December yóò sì yẹ̀ ní nǹkan bí 50 dìgírì. Atọ́ka inú fóònù náà kò ṣeé gbára lé pátápátá níbi tí irin kọnkéré bá wà nítòsí. Ọ̀pá, okùn àti òjìji ṣeé fọkàn tán ju méjèèjì lọ.

Láti ìgbà tí àṣẹ ti wá nínú Àlùkùránì, orí kejì, ẹsẹ 144, pé kí Mùsùlùmí kọjú sí Mọ́ṣáláṣí Ọlọ́wọ̀ níbikíbi tí ó bá wà, ni ìbéèrè bí a ṣe ń mọ ìhà náà ti wà nílẹ̀. Àṣẹ náà kò sọ iye dìgírì fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹ̀sìn náà ti tàn dé ilẹ̀ Páṣíà àti ilẹ̀ Sípéènì, ìṣirò ni àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ fi ń wá a, ìṣirò náà kò sì kéré, nítorí pé ayé rí roboto, a sì gbọ́dọ̀ mọ ìlà ìbú àti ìlà òòró ìlú méjèèjì kí a tó lè ṣe é. Ní ayé Kálífà al-Ma'mun, tí ó jọba láti 813 títí di 833, wọ́n wọn ibi tí Baghdad àti Mẹ́kà wà nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Al-Biruni, tí a bí ní 973, parí ìwé ńlá kan ní 1025 lórí bí a ṣe ń wọn ibi tí ìlú wà, ó sì fi Kíbílà ìlú Ghazna, ní Afghanistan òde òní, ṣe àpẹẹrẹ. Ní Damascus, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìnlá, al-Khalili, tí ó jẹ́ olùṣọ́ àkókò ní Mọ́ṣáláṣí Umayyad, to àtẹ ìṣirò Kíbílà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3,000 sínú ìwé. Iṣẹ́ mọ́ṣáláṣí ni ó ń jẹ nígbà náà. Ní ojú tèmi, àwọn tí ó ń sọ pé ìjà ni ẹ̀sìn Ìsìláàmù àti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ń bá ara wọn jà látilẹ̀, àti àwọn tí ó ń sọ pé gbogbo sáyẹ́ǹsì ti wà nínú Àlùkùránì tẹ́lẹ̀, kò ka iṣẹ́ àwọn ènìyàn wọ̀nyí sí tó. Àṣẹ wá láti inú ẹ̀sìn. Àwọn ni ó jókòó ṣe ìṣirò.

Ọ̀nà tí ó rọrùn jù ni èyí tí Nasir al-Din al-Tusi ṣàlàyé, ẹni tí ó ṣe olórí ilé ìwòràwọ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní Maragha, ní Iran òde òní, ní 1259. Mẹ́kà wà ní dìgírì 21 àti díẹ̀ sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, oòrùn sì máa ń dé dìgírì 23 àti ààbọ̀ kí ó tó yí padà. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni oòrùn máa ń wà gan-an lókè Káábà, ilé ọlọ́wọ̀ tí ó wà nínú Mọ́ṣáláṣí Ọlọ́wọ̀ ní Mẹ́kà, tí ọ̀pá tí ó bá dúró ṣánṣán níbẹ̀ kò ní ní òjìji. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń rí oòrùn ní ìṣẹ́jú náà, níbi yòówù kí ó wà, tí ó sì kọjú sí i, Káábà ni ó kọjú sí. Ọjọ́ 27 tàbí 28 oṣù May ni ti àkọ́kọ́, ní agogo 10 kọjá ìṣẹ́jú 18 àárọ̀ ní Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀. Ọjọ́ 15 tàbí 16 oṣù July ni ti èkejì, ní agogo 10 kọjá ìṣẹ́jú 27. Ní Tógò, ẹ yọ wákàtí kan kúrò. Al-Tusi kò ní fóònù tí yóò sọ àkókò fún un, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé oòrùn ń rin dìgírì 15 ní wákàtí kan. Bí Mẹ́kà ti fi nǹkan bí dìgírì 36 wà ní ìlà-oòrùn Ìbàdàn, ọ̀sán gangan ti Mẹ́kà fi wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 24 ṣáájú tiwa.

Ẹ ri ọ̀pá tí kò wọ́ mọ́lẹ̀ kí ọjọ́ tó pé, kí ó yọ sókè ní mítà kan. Ẹ da omi díẹ̀ sílẹ̀: bí ó bá ṣàn sí apá kan, ilẹ̀ náà kò tẹ́jú, ẹ tún un ṣe. Ẹ so òkúta mọ́ okùn, kí ẹ fi wo ọ̀pá náà láti iwájú àti láti ẹ̀gbẹ́, nítorí pé bí orí rẹ̀ bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní sẹ̀ǹtímítà méjì péré, ìlà tí ẹ óò fà lè yẹ̀ ní dìgírì kan ààbọ̀. Nígbà tí àkókò bá pé, ẹ sàmì sí ṣóńṣó òjìji, kí ẹ fa ìlà láti ibẹ̀ wá sí ìdí ọ̀pá. Ẹni tí ó bá dúró sórí àmì náà tí ó kọjú sí ọ̀pá ti kọjú sí Kíbílà. Ní Ìbàdàn, òjìji náà yóò gùn tó sẹ̀ǹtímítà 76. Bí ó bá yàtọ̀ sí èyí púpọ̀, aago yín tàbí ọ̀pá yín ni kò tọ́. Bí ìkùukùu bá bo oòrùn lọ́jọ́ náà, ọjọ́ kan tàbí méjì síwájú tàbí sẹ́yìn kò ní mú àṣìṣe tí ó tó dìgírì kan wá.

Ìkùukùu gan-an ni ìṣòro ọ̀nà yìí lọ́dọ̀ wa, nítorí pé àkókò òjò ni ọjọ́ méjèèjì bọ́ sí. Ẹni tí kò bá lè dúró lè lo ohun tí àwọn onímọ̀ náà ń pè ní òbìrí Íńdíà, tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ará Íńdíà láìjanpata. December ni ó dára jù fún un, nítorí pé ọ̀nà oòrùn kì í yí padà púpọ̀ láàárín ọjọ́ kan nígbà náà. Ẹ dá ọ̀pá tí ó yọ sókè ní sẹ̀ǹtímítà 50 ró, kí ẹ fi okùn tí ó gùn ní iye kan náà fa òbìrí yí i ká. Ní òwúrọ̀, òjìji gùn kọjá òbìrí náà sí ọwọ́ ìwọ̀-oòrùn, lẹ́yìn náà ni yóò máa kúrú bọ̀. Ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá ààbọ̀, ṣóńṣó rẹ̀ yóò wọ inú òbìrí. Ẹ sàmì síbẹ̀. Kí agogo mẹ́ta ọ̀sán tó lù, yóò jáde lápá kejì. Ẹ tún sàmì síbẹ̀. Ẹ wá àárín gbùngbùn àmì méjèèjì, kí ẹ fa ìlà láti ìdí ọ̀pá kọjá ibẹ̀: àríwá tòótọ́ nìyẹn. Ẹ wọn sẹ̀ǹtímítà 100 lórí ìlà náà láti ìdí ọ̀pá, kí ẹ yà sí ọwọ́ ìlà-oòrùn ní igun gígún, kí ẹ sì wọn sẹ̀ǹtímítà 205. Ìlà tí ó bá ti ìdí ọ̀pá lọ sí ibi tí ẹ dé ni Kíbílà Ìbàdàn. Ní Èkó, kí ó jẹ́ 196. Ní Ìlọrin, 214.

Ẹni tí ó bá ń ka ìwé àwọn ará Cairo tàbí Damascus yóò rí i pé òjìji ọ̀sán wọn máa ń kọjú sí àríwá nígbà gbogbo. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀: láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù April títí di ìbẹ̀rẹ̀ September, gúúsù ni òjìji ọ̀sán ń kọjú sí ní Ìbàdàn, ẹni tí kò bá sì mọ èyí yóò pe gúúsù ní àríwá.

Ọ̀pá sẹ̀ǹtímítà 50 yìí kan náà ń sọ àkókò ìrun Àlàsárì. Ní December, òjìji rẹ̀ tí ó kúrú jù lọ́sàn-án yóò tó sẹ̀ǹtímítà 30. Ẹ fi gígùn ọ̀pá kún un. Bí òjìji bá ti gùn dé 80, àkókò ti wọlé gẹ́gẹ́ bí mádíhábù Máálíkì, ìyẹn ẹ̀ka kan nínú ìmọ̀ òfin Ìsìláàmù, ti là á sílẹ̀.

Ní ti ará wa tí ó wà ní òkè òkun, dìgírì 119 ni Kíbílà wà ní London, tí ó jẹ́ ìhà gúúsù àti ìlà-oòrùn. Ní New York, dìgírì 58 ni, ìyẹn apá àríwá àti ìlà-oòrùn. Èyí máa ń ya ẹni tí ó ń wo máàpù pẹlẹbẹ lẹ́nu, nítorí pé Mẹ́kà wà nísàlẹ̀ New York lórí máàpù, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó kúrú jù lórí ohun tí ó rí roboto gba òkè lọ.

Bí mọ́ṣáláṣí àtijọ́ bá yẹ̀, kò sí ìdí fún àríyànjiyàn. Mọ́ṣáláṣí ńlá ti Córdoba, ní ilẹ̀ Sípéènì, yà sí gúúsù gidigidi, nítorí pé kì í ṣe ìṣirò àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ, wọ́n sì kírun nínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ Máálíkì gbà pé ìhà tí Káábà wà ni ó di dandan fún ẹni tí ó jìnnà, kì í ṣe ògiri rẹ̀ gan-an. Bí àṣìṣe náà bá pọ̀, kí lèmọ́mù àti àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí fohùn ṣọ̀kan láti fa ìlà ìdúró tuntun sórí ilẹ̀, láìwó ògiri. Ti ìpìlẹ̀ tuntun yàtọ̀: ẹ na okùn bírikìlà lé ìlà Kíbílà náà lójú lèmọ́mù kí ẹnikẹ́ni tó gbé ṣọ́bìrì, kí ẹ sì kan èèkàn mọ́ orí rẹ̀ méjèèjì títí ògiri yóò fi yọ kúrò nílẹ̀.