Ẹ Ń Lọ sí Meiji Jingu? Ẹ Ṣọ́ra fún Aláṣọ Mọ́ǹkì Ojú Pópó

Ẹ̀yin ará wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Tókíò, Meiji Jingu, ojúbọ ẹ̀sìn Ṣíńtò (ẹ̀sìn àbáláyé Jàpáánì), kò ṣòro í dé. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ nínú rélùwéè ní Harajuku, igbó ojúbọ náà ti wà nítòsí. Ọ̀fẹ́ ni wíwọlé. Ọdún 1920 ni wọ́n kọ́ ọ fún ẹ̀mí Ọba Meiji àti olorì rẹ̀, Shoken. Bọ́ǹbù ogun jó o ní 1945, wọ́n sì parí àtúnkọ́ rẹ̀ ní 1958. Gbogbo igbó ńlá yẹn, gbígbìn ni wọ́n gbìn ín: nǹkan bí 100,000 igi ni àwọn ará Jàpáánì fi tọrẹ. Ọgbà inú lọ́hùn-ún ni ẹ ó san 500 yen fún. Àárín oṣù kẹfà ni kí ẹ lọ, nígbà tí òdòdó iris bá tanná lórí ilẹ̀ olómi rẹ̀.

Ẹ tẹríba lẹ́nu torii, ìyẹn ẹnu ọ̀nà ojúbọ, ẹ má gba àárín ọ̀nà, ẹ fọ ọwọ́, ẹ yọ ẹnu. Ẹ ju owó ẹyọ sínú àpótí, ẹ tẹríba lẹ́ẹ̀mejì, ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ tún tẹríba lẹ́ẹ̀kan. Bí ìsìn yín kò bá gbà á, ẹ dúró jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò sẹ́ni tó máa bi yín.

Ohun tó ń dùn mí wà lóde, ní ojú pópó. Mo rí ọmọ wa kan tó wá kàwé, ọkùnrin kan tó fárí, tó wọ aṣọ mọ́ǹkì (ẹni tó ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀sìn Búdà), na káàdì aláwọ̀ góòlù sí i. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, ọwọ́ méjèèjì ló fi gbà á, ó tún tẹríba. Kó tó gbórí sókè, ìlẹ̀kẹ̀ ti wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà ṣí ìwé kékeré kan tí orúkọ àti iye owó kún inú rẹ̀, ó ń fi ìka lu ibi tí wọ́n kọ 5,000 sí. Ọmọ náà mú 1,000 jáde, ọkùnrin náà mirí. Owó oúnjẹ ọmọ ọlọ́mọ ló gbà lọ.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa! Ẹlẹ́sìn Búdà ní í ní mọ́ǹkì, ojúbọ Ṣíńtò kò ní. Ojúbọ kì í rán ènìyàn sí títì láti gbowó. Ohun tí wọ́n ń tà wà lórí káńtà nínú ọgbà wọn, pẹ̀lú iye rẹ̀. Mọ́ǹkì tòótọ́ tó ń gba ọrẹ sábà máa ń dúró lójú kan, a gbé abọ́ dání, a máa gbàdúrà. Kì í lé ènìyàn, kì í sì í dá iye lé yín.

Nítorí náà, ẹ má na ọwọ́. Ẹ má dúró kí i, bó ti wù kó rẹ́rìn-ín tó. Bó bá ti fi ìlẹ̀kẹ̀ sí yín lọ́wọ́, ẹ bọ́ ọ fún un. Bó bá kọ̀, ẹ gbé e sílẹ̀, kí ẹ máa lọ. Bó bá di yín mú, ẹ pe ọlọ́pàá ní 110. Ẹni tuntun tí ẹ bá sì lọ pàdé ní pápákọ̀ òfurufú, ẹ sọ èyí fún un nínú ọkọ̀, kó tó dá nìkan jáde.