Ẹ Wọn Kọ́ńpírẹ́ṣọ̀n Kí Ẹ Tó Tú Ẹ́ńjìnì

Bí mọ́tò bá ń mu epo bí ẹni ń da omi sínú apẹ̀rẹ̀, tí kò sì lè gun òkè, púlọ́ọ̀gì ni ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ́kọ́ pààrọ̀. Èmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Géèjì kọ́ńpírẹ́ṣọ̀n, èyí tó ń wọn bí ẹ́ńjìnì ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó, ni mo máa ń kọ́kọ́ mú.

Ooru ni epo ń mú wá, ooru nìkan kò sì lè yí táyà. Ìgbà tí afẹ́fẹ́ gbígbóná bá ń fẹ̀, tó ń ti písítìnì (irin tó ń lọ sókè sódò nínú ihò ẹ́ńjìnì tí à ń pè ní sílíńdà) lọ sísàlẹ̀, ni ooru ń di agbára. Bí a bá ṣe fún afẹ́fẹ́ náà pọ̀ tó kó tó gbaná ni yóò ṣe ráyè fẹ̀ tó. Èyí tí kò ráyè fẹ̀ á gba sàlẹ́ńsà lọ. Camry 2.2 ti ọdún 1998 ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ ní ìlọ́po 9.5. Lórí ìwé, ìyẹn lè sọ ìdá 59 nínú 100 ooru di iṣẹ́; ká ní ìlọ́po 6 ni, 51 ni. Lójú títì kò tó bẹ́ẹ̀, nítorí rédíétọ̀ àti irin tó ń fira ń gba tiwọn. Níbi tí afẹ́fẹ́ bá sì ti ń jò, owó epo ló ń bá a jò.

Ẹ má fún un jù náà o. Afẹ́fẹ́ tí a fún jù máa ń gbóná débi tí bẹntiróòlù á fi gbaná fúnra rẹ̀, ẹ ó wá máa gbọ́ ko-ko-ko. Torí ẹ̀ ni mi ò ṣe fẹ́ kí wọ́n máa fá orí ẹ́ńjìnì láfàjù, torí ó ń dín àyè afẹ́fẹ́ kù.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná, kí ẹ pa á. Ẹ yọ fíúùsì pọ́ǹpù epo àti wáyà kọ́ìlì, kí ẹ yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pátá. Ẹ ṣọ́ra, wọ́n ń jóni. Ẹ de géèjì mọ́ ihò kìíní. Kí ẹnì kan tẹ tọ̀tù délẹ̀, kó máa fi kọ́kọ́rọ́ ṣáná títí ọwọ́ géèjì ò fi ní gòkè mọ́. Bátìrì tí kò lágbára á purọ́ fún yín. Fún Camry yìí, 178 PSI (ìwọ̀n ipá afẹ́fẹ́ tí géèjì ń kà) ni ti tuntun. Bó bá ti wálẹ̀ ju 142 lọ, ó ti bàjẹ́, sílíńdà kan ò sì gbọdọ̀ fi ju 14 lọ yàtọ̀ sí èkejì.

Bàbá kan gbé irú rẹ̀ wá. Mẹkáníìkì kan níbòmíràn ti ní kí wọ́n lọ ra ẹ́ńjìnì tòkunbọ̀.

"Ọmọ mi, owó ilé ìwé ni mo fẹ́ kó sí i yìí."

"Bàbá, ẹ fún mi ní wákàtí kan."

172, 170, 104, 171. Mo da ọ́ìlì ṣíbí tíì kan sí ihò kẹta, mo tún un wọ̀n. Ká ní ó gòkè dáadáa ni, ríìngì tó yí písítìnì ká ló ti jẹ, torí ọ́ìlì máa ń dí ibi tó ń jò níbẹ̀. 106 ló dúró sí. Mo gbé písítìnì náà dé òkè, mo fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ihò, mo sì gbétí sí ẹnu sàlẹ́ńsà: ṣììì.

Fáfù kan ṣoṣo ni, ìlẹ̀kùn kékeré tó yẹ kó dí ọ̀nà èéfín pa nígbà náà. Etí rẹ̀ ti jó, ibi tó jó ò ju èékánná lọ. Mo pààrọ̀ rẹ̀, mo lọ̀ ọ́ títí ó fi jókòó dáadáa, mo fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun dé orí ẹ́ńjìnì padà.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ka géèjì fúnra wọn: 168.