Bí Mo Ṣe Sọ̀kalẹ̀ Sínú Yàrà Erédò Súngbọ́

Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n bí mi sí, síbẹ̀ mo ti lé lógójì ọdún kí n tó fojú kan Erédò, yàrà àti odi àtijọ́ tó yí ilẹ̀ wa ká. Ó dùn mí púpọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé kan nínú ọyẹ́, mo pe àbúrò mi ọkùnrin, mo ní kó jẹ́ ká lọ.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló dáa jù. Tójò bá ti ń rọ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ á máa yọ̀. Mo wọ ṣòkòtò àti bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀.

Ọ̀kadà gbé wa dé Òkè-Ẹ̀rí. A kì í dédé wọgbó onígbó, nítorí náà a kọ́kọ́ lọ kí bàbá àgbà kan.

“Ẹ kú ilé o, bàbá.”

“Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ ilé ta ni yín?”

Mo dárúkọ agboolé wa, bàbá rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọmọkùnrin kan tó mú àdá lọ́wọ́ ṣáájú wa.

Ojú oórì Bílíkísù Súngbọ́ la kọ́kọ́ yà sí. Obìnrin kì í wọ ibẹ̀, torí náà èmi dúró síta. Mo bọ̀wọ̀ fún èèwọ̀ ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n ó ká mi lára: obìnrin ni wọ́n ní ó sùn síbẹ̀, ọmọbìnrin Ìjẹ̀bú ò sì lè wọlé kí i. Ìtàn ní olówó ni, kò bímọ, òun ló ní kí wọ́n gbẹ́ yàrà náà kórúkọ òun má bàa parẹ́. Àwọn kan ní òun ni ayaba Ṣébà. Èmi ò gbà, torí ó ju 1,500 ọdún lọ tí ayaba yẹn ti kú kí wọ́n tó gbẹ́ Erédò.

Ìgbà tá a wá dé yàrà gan-an! A di gbòǹgbò igi mú sọ̀kalẹ̀. Nísàlẹ̀, ooru tán, igi pàdé lókè orí wa, ògiri yangí dúró ṣánṣán lọ́tùn-ún lósì bí ẹni pé wọ́n fọwọ́ rẹ́ ẹ. Iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n wà jáde, apá inú ìlú ni wọ́n kó o jọ sí, ìyẹn ló di odi: bí yàrà ṣe ń jìn, bẹ́ẹ̀ lodi ń ga. Níbòmíràn, láti ìsàlẹ̀ dókè tó mítà 20, gbogbo rẹ̀ sì tó kìlómítà 160 yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àtijọ́ ká. Kò sí katapílà nígbà náà o! Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri náà, omijé bọ́ lójú mi.

Níwájú díẹ̀, ẹnìkan ti ń wa odi náà fi kọ́lé. Láti 1995 ni Erédò ti wà nínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kà mọ́ ogún àgbáyé, àwa ọmọ onílé la sì ń wó o. Inú bí mi.

Nígbà tá a padà, bàbá fi gàrí Ìjẹ̀bú tútù ṣe wá lálejò, ó ní kí n kó àwọn ọmọ mi wá kí òjò tó dé. Sátidé tó ń bọ̀ la ń lọ.