Mix Kì Í Ṣe Òde: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Láàárín Àwọn DJ Wa

Bí ẹ bá wọ gbọ̀ngàn ìnáwó l'Ádó-Èkìtì tàbí n'Íkẹ́rẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, ẹ wo ọwọ́ DJ dáadáa. Ẹ ó rí èyí tó ń yí bọ́tìnnì tí kò kan orin rárá. Mix (orin tí DJ so mọ́ ara wọn tó sì gbà sílẹ̀) tó ti ṣe sílẹ̀ nílé ló ń dún, òun kàn ń mi orí ni. Nínú gbogbo àṣìṣe iṣẹ́ yìí, kò sí èyí tó burú tó o.

Ẹ wo ìgbà tí ìyá ìyàwó bá ń jó wọlé. Ẹgbẹ́ rẹ̀ tò sẹ́yìn nínú aṣọ ẹbí, Sunny Adé ń lọ, àwọn àna ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú owó ni. (Mo mọ̀ pé òfin CBN ti ọdún 2007 lòdì sí owó níná lójú agbo, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bí òde wa ṣe rí.) Àfi kí mix náà dé ibi tí wọ́n ti ní kó bọ́ sí amapiano, kó sì bọ́ síbẹ̀ lóòótọ́. Màmá á dúró, ọwọ́ ẹni tó ń náwó á dúró lókè, MC á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀rọ̀ sọ. Fáìlì kò mọ̀ pé ẹnì kan ń jó. DJ tí ojú rẹ̀ wà lágbo ì bá ti fi lúùpù di ibi tí gángan ti ń sọ̀rọ̀ mú, kó máa yí i títí màmá á fi jókòó.

Jùjú àtijọ́ tilẹ̀ ní wàhálà tirẹ̀. Láwọn ọdún 1970, Obey àti Sunny Adé máa ń so orin mọ́ orin títí ojú kan àwo á fi kún, bí ìṣẹ́jú 18 sí 20 láìdúró. Kò sí ẹ̀rọ tó ń ka ìlù fún wọn; bí ara onílù bá ti yá, ìlù náà á yára sí i. Bí ẹ bá wá tẹ SYNC, bọ́tìnnì tó ń mú ìlù orin méjì bára mu, tí láptọ́ọ̀pù rò pé ìlù náà dúró sójú kan, orin méjèèjì á máa kọ lu ara wọn bí èrò tó fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà kan jáde. Etí ni kẹ́ ẹ fi ṣe é, tàbí kẹ́ ẹ jẹ́ kí olórin parí ìlà kan kẹ́ ẹ tó ju òmíràn wọlé. Amapiano kì í fa irú ìyọnu bẹ́ẹ̀: kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń ṣe é, kì í sì í sábà ju ìlù 110 sí 115 lọ ní ìṣẹ́jú kan.

Àwọn ọmọ yunifásítì tó ń ṣe DJ n'Íwòròkó àti l'Ọ́yẹ̀ẹ́ máa ń ṣe òdìkejì rẹ̀: wọ́n á gbé òde wọ inú mix. Wọ́n á máa pariwo orúkọ ara wọn, wọ́n á ní "ẹ gbọ́wọ́ sókè!", nígbà tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo tó fi íàpíìsì sétí nínú ọkọ̀ Akúrẹ́ ló ń gbọ́ wọn. Ariwo máa ń jí agbo, òótọ́ ni. Nínú mix, ẹ̀ẹ̀kejì tí èèyàn bá gbọ́ ọ ló ti sú u. Bí ẹ bá ṣi orin pa lóde, kó tó pẹ́ wọ́n á ti gbàgbé. Inú mix, ibẹ̀ náà ni yóò ti máa kọsẹ̀ lójoojúmọ́. Mo rò pé kẹ́ ẹ pe orúkọ yín lẹ́ẹ̀kan níbẹ̀rẹ̀, ó tó.

Bí ẹ bá fẹ́ gba òde sílẹ̀, ẹ má gbé fóònù síwájú sípíkà. Báàsì á kàn máa gbọ̀n ni. Ẹ lo REC OUT, ihò ìgbohùnsílẹ̀ tó wà lẹ́yìn mixer (ẹ̀rọ tí DJ fi ń da orin pọ̀), nítorí lára ọ̀pọ̀ mixer, bẹ́ ẹ ṣe ń yí MASTER fún gbọ̀ngàn kò kàn án. Ẹ jẹ́ kí ibi tó bá ga jù wà ní nǹkan bí -6 dB lójú ibi tí ẹ̀rọ ti ń díwọ̀n ohùn. Bí iná pupa bá ti ń tàn, ohùn ti fọ́ nìyẹn, kò sí ẹ̀rọ tó lè tún un ṣe dáadáa mọ́.

YouTube máa ń dá orin tó jẹ́ ti ẹlòmíràn mọ̀, ó sì lè dá fídíò yín dúró. Mixcloud ní àdéhùn pẹ̀lú àwọn tó ni orin, ibẹ̀ ló dáa fún mix. Kẹ́ ẹ tó gbé ti òde síbẹ̀, ẹ gé ibi tí MC ti ń ka orúkọ àwọn olówó kúrò. Ẹni tó ń gbọ́ ọ n'Íbàdàn kò mọ ọ̀kankan nínú wọn.