Irú inú agolo: bí a ṣe ṣí ilé àwọn ọmọbìnrin padà nígbà Kòrónà

Ọjọ́ kẹrin oṣù kìíní ọdún 2021 ni wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́ padà. Ìjọba ti ní ọjọ́ 18 oṣù náà ni kí ilé-ẹ̀kọ́ ṣí. Ọ̀sẹ̀ méjì péré nìyẹn, fún ilé tí ẹnikẹ́ni kò sùn sí láti oṣù kẹta ọdún 2020. Èmi ni mò ń bójú tó ilé àwọn ọmọbìnrin ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Gúúsù Kwara níbí. Màmá Họ́sítẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pè mí.

Bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn, òórùn àdán ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀. Wọ́n ti sọ òkè àjà di tiwọn. Alángbá ń sáré lórí ògiri bí ẹni tó sanwó ilé. Ní yàrá keje, búrẹ́dì tí ẹnìkan jẹ kù ti le bí òkúta lórí tábìlì, ìwé kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ṣíṣí, níbi tí ọmọ náà kà dé lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí kálukú máa lọ sílé. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì onírin díẹ̀. N kò ní purọ́, ojú mi ṣomi.

Omi ló gbà wá lákòókò jù. Gbogbo ìwé tó ń bọ̀ láti òkè, ọwọ́ fífọ̀ ni wọ́n ń pariwo: ọṣẹ, omi, kó pé ogún ìṣẹ́jú-àáyá. Ó dáa, ṣùgbọ́n ìwé kì í pọn omi. Súmò, ẹ̀rọ tó ń fa omi jáde nínú bóhòlù wa, ti jókòó láìṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́wàá. A tan jẹ́nẹ́rétọ̀, ó ń kùn ṣáá, omi ò jáde. Ẹni tó ń tún un ṣe wá láti Àjàṣẹ́-Ìpo, ó fa páìpù jáde lọ́kọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ fi kún, ó ní ẹrẹ̀ ti dí i lẹ́nu, kàpásítọ̀ rẹ̀ náà sì ti kú. Nígbà tí omi padà yọ, ó pọ́n bí ẹni po osùn. Ọjọ́ kan àtààbọ̀ la fi dà á nù kó tó mọ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì wọnú táǹkì, wọ́n fọ̀ ọ́, a pọn ún kún, a da kọ́lọ́ríìnì sí i di ọjọ́ kejì, a tún ṣí gbogbo ẹnu ẹ̀rọ kí omi yẹn ṣàn lọ. Ọjọ́ márùn-ún ti lọ nínú ọ̀sẹ̀ méjì mi, n kò tíì gbá yàrá kankan.

Wẹ́dà kan nílùú bá wa ṣe ohun ìfọwọ́ tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ ló fi so ó. Ó rẹwà, a ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀. Ọjọ́ kẹta tí àwọn ọmọ wọlé, wáyà ọṣẹ já, ni a bá padà sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ní ẹnu ẹ̀rọ lásán, tí wọ́n ń fi ìgbọ̀nwọ́ ṣí. Ìyẹn ò já dòní.

Jíìkì la fi nu gbogbo nǹkan. Nọ́ọ̀sì wa ló kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń pò ó: èyí tí wọ́n kọ 3.5% sí lára, ife kan sí ife omi 34. Mo ní kí àwọn tó ń gbálẹ̀ má ṣe fi ojú wọ̀n ọ́n. Ọ̀kan nínú wọn kò fi ojú wọ̀n ọ́n lóòótọ́, àmọ́ ó dà á lé ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó ní kí ó lè mọ́ dáadáa. Gbogbo wa la sáré jáde pẹ̀lú ikọ́ àti omijé. Ẹni tí Kòrónà kò pa, jíìkì àti ásíìdì fẹ́ẹ̀ pa á. Ẹ má ṣe da méjèèjì pọ̀ láéláé, afẹ́fẹ́ tó ń jáde níbẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹ̀dọ̀fóró èèyàn.

Ti bẹ́ẹ̀dì kò le. Ọmọ mẹ́fà ló ń wà ní yàrá kan tẹ́lẹ̀, a sọ ọ́ di mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀ nìkan la ní kí wọ́n sùn sí, orí ti òkè di ibi ẹrù. Mo wọn okùn mítà méjì, òun ni mo ń fà láti bẹ́ẹ̀dì sí bẹ́ẹ̀dì. Ìdajì àwọn ọmọ ló wọlé lákọ̀ọ́kọ́, àwọn ọmọ ọdún kìíní àti àwọn tó ń ṣàṣekágbá. Ohun tó le ni òru. Tí mo bá fi tọ́ọ̀ṣì rìn ní aago mọ́kànlá, ọmọ mẹ́ta ọ̀sán ti di márùn-ún. "Màmá, ẹ̀gbọ́n mi ni, kò rílé sí nílùú." Kí ni kí n ṣe, kí n lé ọmọbìnrin síta lóru? Mo ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ni, kí n lè mọ ẹni tó sùn ti ta.

Ọjọ́ ìwọlé gan-an, ẹnu géètì ni wàhálà wà. Ọyẹ́ mú, eruku bo gbogbo ọ̀nà, ẹni gbogbo ló ń wúkọ́, ta ni kò ní ọ̀fìnkìn ní oṣù kìíní ní Kwara? Ẹ̀rọ tí wọ́n ń nà síwájú orí láti mọ bí ara ṣe gbóná ń sọ ìsọkúsọ. Láàárọ̀, ó ń kọ 34 fún ẹni tó wà láàyè. Ní ọ̀sán, ọmọ kan tí ìyá rẹ̀ sìn wá láti Ọ̀ffà lórí ọ̀kadà, ó kọ 38.3 fún un. Kí Álífà tó ń ṣọ́ géètì tó lanu, ìyá ọmọ ti ju ìborùn sílẹ̀: "Yéè! Wọ́n fẹ́ gbé ọmọ mi lọ Sóbì!"

Ẹni tó bá mọ Ìlọrin mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí nígbà náà. Ilé ìwòsàn Sóbì ni wọ́n ń kó àwọn tó lùgbàdì àrùn náà lọ. Ìwòsàn ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn èèyàn, orúkọ ibẹ̀ ti di ohun tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ọmọ.

Mo fà wọ́n wá sábẹ́ máńgòrò, mo fún ìyá lómi. Oòrùn ló gba iwájú orí ọmọ yẹn láti Ọ̀ffà dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ̀rọ kò mọ̀yàtọ̀ oòrùn àti ibà. Lẹ́yìn bí ogún ìṣẹ́jú, ó di 36.6. Láti ìgbà náà, abẹ́ máńgòrò ni gbogbo èèyàn ń kọ́kọ́ jókòó sí.

Ariwo ìyá yẹn ló jẹ́ kí n pààrọ̀ pátákó alẹ́ ọjọ́ náà. A ti ya yàrá méjì sọ́tọ̀ lẹ́yìn ilé fún ẹni tó bá ń ṣàìsàn, wọ́n sì ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sí ẹnu ọ̀nà: IBI ÌYÀSỌ́TỌ̀. Ọmọ wo ló máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ibẹ̀? Mo ní kí wọ́n pa á rẹ́, kí wọ́n kọ Yàrá Ìsinmi. Mo gbé kẹ́tùlù síbẹ̀, mo ra aṣọ bẹ́ẹ̀dì tuntun, mo sì rí i pé jẹ́nẹ́rétọ̀ ń gbé iná dé ibẹ̀ láti aago méje alẹ́, kí wọ́n lè máa cháàjì fóònù. Ẹ̀yin náà mọ àwọn ọmọ yìí: níbi tí iná bá wà, wọn kò ní bẹ̀rù ibẹ̀.

Síbẹ̀, ọmọ kan fi àìsàn tirẹ̀ pamọ́. Oṣù kejì ti wọlé. Mo ṣàkíyèsí pé ó ń lá súìtì mẹ́ńtọ̀ lọ́tùn-ún lósì, tó bá sì fẹ́ wúkọ́, á sáré lọ sẹ́yìn ilé. Mo ti ń lo irú nígbà náà. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún wa pé ọ̀pọ̀ ẹni tí Kòrónà ń ṣe kì í gbóòórùn mọ́, mo wá rò ó pé kí ni ọmọ ilẹ̀ yìí kò lè ṣàìgbóòórùn rẹ̀? Mo ra irú lọ́jà, mo di í sínú ọ̀rá kéékèèké, ọ̀rá kan fún ẹnìkan, mo kó wọn sínú agolo mílíìkì. Ẹni tó bá ní ọ̀fìnkìn, mo máa ṣí ọ̀rá tirẹ̀ nítòsí imú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní ọ̀fìnkìn ọyẹ́ náà lè dí imú, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ó kàn wá kó ọ̀rá mẹ́wàá lọ́jọ́ kejì.

Mo ṣí irú fún ọmọ yìí. Ó wò mí. "Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe sí i, Màmá?" Ọmọ Ìgbómìnà gidi, tí ìyá rẹ̀ ń ta irú!

Ó sunkún kó tó gbà láti wọ Yàrá Ìsinmi. Àwọn elétò ìlera wá gba nǹkan ní imú àti ọ̀fun rẹ̀ àti tàwọn méjì tó ń bá a gbé yàrá. Ọjọ́ márùn-ún kí èsì tó dé: òun ní in, àwọn méjì kò ní in. Wọ́n ní nígbà tí èémí rẹ̀ kò nira, kó dúró níbi tó wà títí ọjọ́ 14 yóò fi pé. Ojú fèrèsé ni mo ń gbé oúnjẹ gbà. Ó ń béèrè lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta bóyá wọ́n á gbé òun lọ Sóbì, ó wá jáwọ́.

Láràárọ̀, pẹ̀lú ẹ̀kọ, mo máa ń gbé ọ̀rá irú kan lé ojú fèrèsé. Á mi orí. Ọjọ́ kẹsàn-án, mo ti yíjú padà láti máa lọ, mo gbọ́ tó pariwo látinú yàrá: "Màmá, ẹ gbé e kúrò, ó ń rùn!"