Bí ẹ ṣe lè fi sóbò wọn pH, àti bí ara ṣe ń kápá ásíìdì

pH ni ìwọ̀n tó ń sọ bí nǹkan ṣe jẹ́ ásíìdì tàbí béèsì (òdìkejì ásíìdì) tó. Láti 0 dé 14 ni ìwọ̀n náà. Ohun tó wà ní 7 kì í ṣe ásíìdì, kì í ṣe béèsì. Ìsàlẹ̀ 7 jẹ́ ti ásíìdì, òkè rẹ̀ jẹ́ ti béèsì. Ohun tó máa ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà ni pé ìlọ́po mẹ́wàá ni ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan: ásíìdì inú ohun tó wà ní 3 fi ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ju ti èyí tó wà ní 5 lọ. Sørensen, ọmọ ilẹ̀ Denmark, ló gbé ìwọ̀n yìí kalẹ̀ ní 1909.

Ìṣapá pupa gbígbẹ tí wọ́n fi ń ṣe sóbò tó láti fi wọ̀n ọ́n nílé, ó sì kún ọjà Wuse àti Kubwa ní Abuja. Ẹ kò nílò odindi mudu. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan sínú abọ́ gíláàsì, ẹ da omi gbígbóná 250 ml lé e, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sẹ́ ẹ. Ẹ má fi ata ilẹ̀, ọ̀pẹ̀ òyìnbó tàbí ṣúgà sí i, torí kì í ṣe ti mímu. Ẹ má lo ìkòkò irin: irin máa ń ba àwọ̀ rẹ̀ jẹ́. Ẹ má sì sè é títí, kó má baà ṣá. Bí iná bá ń ṣe ségesège ládùúgbò yín, tí fíríìjì ò ṣeé gbọ́kàn lé, ẹ rẹ bébà funfun tó ń fa omi sínú rẹ̀, kí ẹ sá a síbi òjìji, kí ẹ lè máa fi bébà náà yẹ nǹkan wò dípò omi sóbò. Nígbà ọyẹ́, kíá ló ń gbẹ.

Ẹ fi sírínjì tí kò lábẹ́rẹ́ fa sóbò 1 ml, kí ẹ fi sí ṣíbí ìjẹun ńlá méjì ohun tí ẹ fẹ́ yẹ̀ wò. Omi ọsàn wẹ́wẹ́, tó wà láàárín 2 sí 3, á pọ́n fòò. Èyí tó wà ní 4 tàbí 5 á pupa ṣíṣá. Omi tí a po baking soda sí á di àwọ̀ aró, kán-ún àti omi eérú á sì di àwọ̀ ewé. Ẹ má dán bleach wò rárá: á pa àwọ̀ náà rẹ́, bó bá sì pàdé ásíìdì, gáàsì olóró ló ń jáde.

Sóbò fúnra rẹ̀ jẹ́ ásíìdì, nǹkan bíi 3. Nítorí náà omi òjò, tí kò ní ohunkóhun tó lè gba ásíìdì náà mọ́ra, á dà bí ásíìdì lójú yín, bẹ́ẹ̀ sóbò ni ẹ ń rí. Àṣìṣe yìí gan-an ló ń kọ́ni bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń kápá ásíìdì. Ẹ bu omi ìdajì ife sí ife méjì. Ẹ fi baking soda tí ìka méjì lè mú sínú ọ̀kan. Ẹ da sóbò ṣíbí kékeré kan sí ìkọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò ní nǹkan á pọ́n lójú ẹsẹ̀. Oníṣódà kò ní pọ́n. Ẹ wá máa kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí oníṣódà díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa kà á. Á máa hó, á gba ọ̀pọ̀ ẹ̀kán kó tó pọ́n, àmọ́ bí sódà bá tán, kíá ló ń yí.

Bicarbonate, èyí tó wà nínú baking soda, kan náà ló wà nínú ẹ̀jẹ̀, 22 sí 26 mmol (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka iye kẹ́míkà) ní lítà kan, òun ló ń di pH mú sí 7.35 sí 7.45. Gáàsì CO₂ tó ń hó nínú ife náà ni ẹ̀dọ̀fóró ń mí jáde, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Kíndìnrín kì í yára tó bẹ́ẹ̀: ó ń lo wákàtí títí dé ọjọ́ láti tọ ásíìdì dànù kó sì dá bicarbonate padà. Ìdí nìyẹn tí pH ìtọ̀ fi ń lọ sókè sódò láti 4.5 dé 8 nígbà tí ẹ̀jẹ̀ dúró gbọn-in. Ẹni tó bá ń fi bébà tó ń wọn pH ìtọ̀ ta omi “alkaline” (oníbéèsì) fún yín ń jẹ owó yín ni. Ásíìdì inú ikùn, 1.5 sí 3.5, ni omi náà máa kọ́kọ́ bá pàdé.

Ìgbẹ́ gbuuru, pàápàá onígbáméjì, ń kó bicarbonate lọ, ásíìdì á wá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Èébì àtìgbàdégbà ń ṣe òdìkejì rẹ̀, torí ásíìdì ikùn ló ń bá a jáde. Bí alátọ̀gbẹ bá ń mí kíkankíkan tó sì jinlẹ̀, tí èémí rẹ̀ ń run bí èso tó pọ́n jù, ó lè jẹ́ pé ásíìdì ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀: ilé ìwòsàn ní wàrà-ǹ-ṣeṣà.

Fún ìgbẹ́ gbuuru, ORS (iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ti wọ̀n, tí a ń pò mọ́ omi) inú sáṣẹ́ẹ̀tì dára ju oníyọ̀-àti-ṣúgà tí a pò nílé, torí citrate inú rẹ̀ máa ń di bicarbonate nínú ara. Iye omi tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni kí ẹ lò, ẹ má fi kán-ún kún un.